Ìràwọ̀ Ìyá Mi Àgbà

Mo ṣì kéré débi pé ẹ̀yìn ìyá ìyá mi ni mo ń sùn sí lálaalẹ́, nígbà tí wọ́n di ẹrù pé àwọn ń lọ kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Igbó-Elérin l'Ékòó la wà nígbà náà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, gbogbo ilé á tẹ́ ẹní síta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ kan já fìì lápá Ìyànà Ìbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa gbà pé bí ìràwọ̀ bá já, àgbà kan fẹ́ lọ nìyẹn. Ìyá àgbà wò yí ká ọgbà, kò sí ẹni tó dàgbà tó wọn níbẹ̀. Wọ́n ní tàwọn ni. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà: Abẹ́òkúta làwọn ti fẹ́ kú, kì í ṣe Èkó. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Èmi sunkún títí ojú mi fi wú.

Bàbá Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Màmá mi sá lọ pè wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò èédú Ìyá. Wọ́n ní èyí tó já yẹn kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, òkúta wẹ́wẹ́ kan ló ń jóná bó ṣe ń já bọ̀ láti òkè. Ìràwọ̀ gidi, bí èéfín àti eruku ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Á kóra jọ, á fún pọ̀, á gbóná títí á fi tàn. Iná rẹ̀ kì í ṣe ti èédú, àmọ́ ara òun náà ló ń jẹ. Oòrùn tó ń pa wá yìí gan-an, ìràwọ̀ ni. Bó bá darúgbó, á wú, á pọ́n, á bọ́ ara òde dànù, á wá ku ẹ̀yín iná funfun tí á máa tutù díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó tóbi gan-an kì í pẹ́, ìnákúnàá ni tiwọn. Wọ́n á bú gbàù, eruku wọn á sì wá di ìràwọ̀ mìíràn.

Ìyá wá bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, àwọn kékeré wá ńkọ́?"

"Àwọn ló ń pẹ́ jù, Mọ́mì. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń jó. Ojú wa ò tiẹ̀ rí wọn."

Ìyá wo ara wọn, tínńtín bí igi ìṣáná. "Kékeré mà lèmi." Wọ́n ní kí n tú ẹrù, kí n wá fẹ́ iná ẹ̀wà.

Ìyá pẹ́ láyé o. Àwọn ló wẹ àkọ́bí mi. Nígbà tí wọ́n wá lọ, orí ẹní wọn ni, Abẹ́òkúta la sì sin wọ́n sí bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ayé ti yí padà. Iná ṣọ́ọ̀bù ti gba ojú ọ̀run Ìyànà Ìbà, inú fóònù lẹ̀yin ti ń wo ìràwọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń gbé àga síta. Mi ò kì í wo àwọn tó ń tàn yẹn. Ibi tó ṣókùnkùn, tó dà bíi pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀, ni mo ń kọjú sí. Màá ní, "Ẹ kú alẹ́, Ìyá."