Jígí Ojú Tó Wọ Iléru Mi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká ní mo mọ̀ pé Màmá ilé kejì ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ń fọ́nnu sọ́kàn ni, ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́.

Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan l'Ádó, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìnkùlé wa l'Ókè-Ìlá, abọ́ amọ̀ ni mò ń mọ, mo sì ní iléru kékeré kan tó ń lo gáàsì. Abọ́ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù lọ́wọ́ mi ni èyí tí mo ń yọ́ ìgò sí. Màá kọ́kọ́ fi gíléèsì bo abọ́ náà, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí a fi omi pò, tí iná máa ń sọ di ohun dídán. Màá wá da ìgò fífọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí iná bá mú un dáadáa, ìgò á yọ́, á tẹ́jú. Tó bá ń tutù, á máa sán wẹ́wẹ́ nínú láìfọ́, á máa dún tín, tín, títí ojú rẹ̀ á fi dà bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Àbúrò ọkọ mi kan dá ọ̀kan padà fún mi, ó ní òun kì í gba ẹ̀bùn tó ti sán. Mo ní kò burú, mo gbé e fún ẹni tó lójú.

Màmá kì í jẹ́ kí n sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Opó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á máa bi mí léèrè bí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá gbogbo jígí ni iná lè yọ́. Orí mi wú. Mo ní, “Màmá, kò sí jígí tí iná mi ò lè gbé mì.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú nǹkan kan wá nínú áńkáṣíìfù. Jígí tí ọkọ rẹ̀ fi ń kàwé ni. Férémù rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ojú jígí méjèèjì ṣì wà.

“Tíṣà, àwọn ọmọ ti pín aṣọ rẹ̀ tán. Èyí nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá ṣí àpótí rí i, ṣe ló dà bí ẹni pé ó ń wò mí, kò sì sọ̀rọ̀. Bá mi fi uná yọ́ ọ sínú abọ́ kékeré kan, kí n máa rí i lórí tábìlì nínú ulé.”

Mo gbà á. Ó nípọn bí ìdí ìgò, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo tẹ́ méjèèjì sínú abọ́ tó dára jù tí mo mọ lọ́dún yẹn, mo sì tan iná. Kò pẹ́ púpọ̀ tí èéfín dúdú fi ń yọ lórí iléru, tó ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Ike ni! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò tilẹ̀ fi èékánná kàn án wò kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.

Nígbà tí mo ṣí iléru lọ́jọ́ kejì, abọ́ náà ṣófo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo fọ́ jígí fèrèsé wa kan tó ti sán tẹ́lẹ̀, mo dà á sínú abọ́ yẹn, mo tún gbé e sínú iná. Ó dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe rí lọ. Nígbà tí mo gbé e fún Màmá, ó fi ọwọ́ pa ojú abọ́ náà, ó rọra ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ogún ọjọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni Màmá ń ṣàdúrà fún mi, mi ò sì lè ṣe àmín kó jáde lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

“Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kí fèrèsé káàárọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ foríjì mí.”

“Èéfín yẹn, ibo ló gbà lọ?”

Mo ti parọ́ tó, nítorí náà mo ronú dáadáa kí n tó dáhùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí jígí náà jó, mo rántí bó ṣe ń tẹ ewé ìbẹ́pẹ wa. Mo ní ọ̀nà ìlú Ìyìn ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

“Ìyìn ni oko Bàbá wà. Ọdún méjì tó fi dùbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ wo uṣu òun. Mo ní ọ̀nà ò dáa, mo ní ara rẹ̀ ò gbé e. Mi ò jẹ́ kó lọ.” Ó fi etí ìró nu ojú. “Ó ti fúnra rẹ̀ lọ.”

Ó ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀, kí n wá bá òun ṣa ẹ̀wà.