Ojú Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Àgádágodo

Ká má parọ́, kò sí ẹni tó mọ ìwé í ṣí tó Ìyá Ojú-Ìwé. Ọdún méjìlélógún ló fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé ní ilé ìkàwé ńlá kan, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kó ṣí ìwé àtijọ́, kó fi àtàǹpàkò òsì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì, kí iná kọ mànà, kó tún ṣí òmíràn. Rọ́bà aláwọ̀ ewé kan ló máa ń wọ̀ sí àtàǹpàkò náà kí bébà má baà gé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ojú ìwé lójúmọ́! Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kọjá ẹgbẹ̀rún méjì, ó sì máa ń fi ìyẹn bú wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣí ìwé bí ẹni tó ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, ẹ rọra o, kó má baà jí."

Ìwé àwọn dókítà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yà, èyí tí wọ́n kọ nígbà kan nípa àìsàn tí wọ́n rí àti oògùn tí wọ́n lò. Òun kì í kà wọ́n. Ó ní wọn ò gba òun fún kíkà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Lójú tirẹ̀, ìwé tí ilé ìkàwé bá yà, gbogbo ayé ló yẹ kó rí i kà láìsanwó. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò nígbà náà, òun ló mú un wá. Àwọn kan káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe bó ṣe wù ú. Kò sí ohun tí ọmọ náà lè sọ kó má fi "lọ́fẹ̀ẹ́" sí i. Ìyá Ojú-Ìwé ló sọ ọ́ ní Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí àtè. "Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ ńkọ́? Àbí wọn ò tíì máa pín ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́?" Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni agogo. Nítorí pé wọn ò ti inú ètò náà pa, Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ ṣí i, ó fi nǹkan kan sí i: bí ìka bá bo ọ̀rọ̀ nínú àwòrán, kọ̀ǹpútà á dún gbìn-ín, kò sì ní gba ojú ìwé mìíràn títí wọ́n á fi tún èyí yà. Ti àwọn tó kù ń dún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ti Ìyá Ojú-Ìwé ń dún ní ogójì ìgbà lójúmọ́. Ẹ gbọ́ ìtìjú! Iṣẹ́ rẹ̀ já wálẹ̀, kò sì rí ẹni bú mọ́.

"Agogo yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," ó pariwo. "Ìka lásánlàsàn! Ta ló fẹ́ wá wo ìka mi?"

"Màmá, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni."

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre."

Ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ kan dé. Wọ́n ní àwọn á kó ẹ̀rọ tuntun àti ètò kọ̀ǹpútà tiwọn wá, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán á wà lọ́wọ́ àwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kà á á máa sanwó lọ́dọọdún. Inú Ọ̀gá Àgbà ilé ìkàwé dùn. Bí wọ́n bá ti ya ìwé tán, wọ́n á kó bébà rẹ̀ fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ di páálí ẹyin, àyè á sì ṣí sílẹ̀ fún ọ́fíìsì. Wọ́n pe ìpàdé. Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ dìde.

"Tó bá yá, àwa fúnra wa la máa máa tọrọ ìwé wa lọ́wọ́ wọn. Ètò wọn yìí ńkọ́? A ò lè ṣí inú rẹ̀. Bó bá ṣe àṣìṣe, a ò lè tún un ṣe, a ò tiẹ̀ ní mọ̀."

Ọ̀gá Àgbà ní kí ẹni tó dàgbà jù nídìí iṣẹ́ sọ tirẹ̀. Ìyá Ojú-Ìwé dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Òun náà ló bí agogo fún wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọṣẹ́ wá ṣe é. Bí ọmọ yìí bá sì fẹ́ràn ọ̀fẹ́ tó báyìí, kó kúkú máa bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Àtẹ́wọ́ gba ilé kan. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n dá Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ dúró. Ó ń gbé páálí ẹrù rẹ̀ kọjá, Ìyá Ojú-Ìwé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó dàbọ̀ o. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo kí ọ."

Ètò tuntun kò ní agogo. Ìyá Ojú-Ìwé wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ lójúmọ́, wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ìwé tó bá yà tán, òun náà, òṣìṣẹ́ keje, ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó o lọ lọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ọwọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyá ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ ara rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Àìsàn ìdílé ni, Màmá, ó sì ṣọ̀wọ́n. Dókítà kan ṣoṣo ló kọ nǹkan nípa rẹ̀, ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Oògùn mẹ́ta ló dán wò lára ọmọ ìyá mẹ́sàn-án. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ni àwòrán rẹ̀ jẹ́ ká rí sọ pé ọ̀kan wo gbogbo ẹni tó lò ó sàn, méjì yòókù sì pa gbogbo ẹni tó lò wọ́n. Èwo ni èwo, ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà, wọ́n sì ti í pa. Ilé ìwòsàn wa ò sanwó fún wọn. A kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ká dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ yín ò ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọ̀la, mo gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀kan nínú mẹ́ta."

Ó fi ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn án. Yéè! Ìyá Ojú-Ìwé mọ ìwé náà: ẹ̀yìn pupa, àmì òróró ní igun rẹ̀. Òun ló yà á!

Ó sáré lọ bá Ọ̀gá Àgbà. "Màmá, àwa gan-an ò lè ṣí i mọ́," ìyẹn wí. "Wọ́n fowó kún un, agbára wa ò gbé e."

"Ìwé gan-an ńkọ́? Bébà rẹ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lọ̀ ọ́."

Ó ku ẹnì kan. Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ẹni tó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun sì ní ìkànnì kan: ẹni tí kò bá lè ṣí ìwé á bèèrè níbẹ̀, ẹni tó bá lè ṣí i á fi ránṣẹ́. Nígbà tí Ìyá Ojú-Ìwé máa fi débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, aago méjì ti lù. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn fóònù tó ti fọ́. "Ẹ dákun, ẹ gbà mí." Ẹni tí kò fi "ẹ" pè é rí láyé!

Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. "Orúkọ mi ńkọ́, Màmá? Èyí tí àwọn òbí mi sọ mí."

Ìyá Ojú-Ìwé ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan.

"Ẹ dìde. Ọmọ yín ò ṣẹ̀ mí." Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé náà wọlé, ẹnì kan tí wọn ò rí rí ló fi ránṣẹ́. Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ yí i débi ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá. Àtẹ náà mọ́ kedere. Ìlà mẹ́ta. Lápá ọ̀tún, wọ́n kọ ọ́ pé: gbogbo wọn kú, gbogbo wọn yè, gbogbo wọn kú. Lápá òsì, níbi tó yẹ kí orúkọ oògùn wà, rọ́bà aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, látòkè délẹ̀. Ó hàn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè ka àwọn kókó ara rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ keje.

Òṣìṣẹ́ keje na ọwọ́. Àtàǹpàkò òsì náà ló fi ń nu ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fi itọ́ sí i, ó ń fi èékánná ha á. Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ ò dá a lẹ́kun.

Fóònù dún. Dókítà ni. "Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo rí i."

"Ó dáa. Oògùn wo ni?"

"Àtàǹpàkò mi ni mo rí."

Dókítà ní òun ò gbọ́, kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ní aago mẹ́rin, wọ́n fún ọmọbìnrin Ìyá Ojú-Ìwé ní ọ̀kan nínú mẹ́ta. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ kó tó kú.

Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ gbé ojú ìwé náà sórí ìkànnì, ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀kan nínú àwọn oògùn mẹ́ta yìí ń woni sàn. A ti mọ ọ̀kan tí kì í ṣe òun. Ẹni tí ìwé náà bá wà nílé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ohun tó wà lábẹ́ ìka yìí. Olóògbé fi ọmọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì wà lára ọmọ ọ̀hún."

Láràárọ̀ ni Ìyá Ojú-Ìwé ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Á jókòó sórí àpótí, á gbé e lé itan, á bèèrè bóyá wọ́n ti dáhùn. Sístà Lọ́fẹ̀ẹ́ á wo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Rárá, Màmá. Ẹnì kankan ò tíì dáhùn."