Yìnyín Tí Kò Di Omi

Ìyá ọkọ mi kì í da omi nù. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa ní Houston, ní nǹkan bí ọdún 1995, omi yìnyín tó bá yọ́ ni wọ́n fi ń bomi rin ewúro wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi gbé yìnyín kan tó ń rú èéfín bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Màmá gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá wò ó, yìnyín ti tán, bàsíà gbẹ táútáú.

"Ta ló da omi mi nù?"

"Kò sẹ́ni tó dà á nù, Màmá," ni ọkọ mi dáhùn. "Èyí kì í di omi. Afẹ́fẹ́ ló ń dà."

Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó mi, àbí iyè mi ti ń ra ni?"

Ọkọ mi mú òmíràn wá. Màmá jókòó tì í títí ó fi pòórá.

"Kò yé mi," ni wọ́n wí, "àmọ́ orí mi pé."