Bàbá Olódòdó Tó Jókòó Lórí Àga

Ọjọ́ Jímọ̀ tí Murugan, ará Tamil láti Íńdíà tí a jọ ń gbé yàrá, mú mi lọ wo fíìmù abúlé wọn ní ilé sinimá kan ní Sharjah, nítòsí Dubai, ni n kò lè gbàgbé. N kò gbọ́ èdè wọn. Mo rí bàbá kan lórí àga, òdòdó kún ọrùn rẹ̀, ìlù ń dún, wọ́n ń jó. Mo rò pé ó joyè ni, mo pariwo, “Kábíyèsí!” Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Murugan ń sunkún: “Brother, bàbá yẹn ti kú. Bí a ṣe ń sìnkú nìyẹn.”

Òkú tún ń jókòó ni? Orí mi dàrú.

A délé, mo ní kó wá wo fídíò kan láti ilé wa, n kò sọ ohun tó jẹ́. Ìsìnkú bàbá mi, tí n kò lè lọ, ni mo fi hàn án. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń jó. Murugan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Congrats! Ta ló gbéyàwó?”