Àwọn Tó Gbé Ọkọ̀ Wọn Sùn Nínú Igbó Ìjọba

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín, inú igbó ìjọba ni mo ti máa ń lo ọlidé mi. Ẹ̀yin ọmọ tí a jọ wà ní Becontree ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ má rò pé igbó yẹn dà bíi páàkì tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Igbó tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bàbá mi ń la gẹdú níbẹ̀. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ, bàbá mi sì ká a sínú agolo kí òjò má baà rin ín.

Òfin wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n bàbá mi kò mọ̀wé. Akọ̀wé kan ló kà á fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì há a sórí. A kò gbọdọ̀ pàgọ́ sí etí odò. A ní láti jìnnà sí i tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. A kò gbọdọ̀ gé igi tútù dáná. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la lè lò lójú kan ká tó ṣí lọ, kí ilẹ̀ lè sinmi. Tí a bá fẹ́ ṣí, èmi ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ eérú láti mọ̀ bóyá iná ti kú. Tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bàbá mi á ní, "Padà sódò." Nígbà mìíràn mo máa ń pọn omi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, màá máa sunkún lọ, màá máa sunkún bọ̀. Kò ní gbà.

Ní ọlidé ìgbà ọyẹ́ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ọkọ̀ kan wá láti ìlú ńlá. Mi ò rí irú rẹ̀ rí: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ní kọ́tìnnì. Wọ́n ní àwọn wá gba atẹ́gùn. Etí odò gan-an, níbi tí à ń pọn omi mímu, ni wọ́n gbé e dúró sí. Wọ́n da ọ́ìlì ọkọ̀ síbẹ̀. Wọ́n gé igi ìrókò kékeré kan lulẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ yan ẹran.

Bàbá mi lọ bá wọn, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin ò gbà á níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó dáa hàn yín."

Èyí tó sanra nínú wọn kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni igbó ni?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n lọ, wọn kò pa iná. Kó tó di ọ̀sán, iná ti ràn. Bàbá mi àtàwọn méjì tí wọ́n jọ ń la gẹdú fi ẹ̀ka tútù lù ú títí apá bàbá mi fi bó. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó tí ìjọba yàn dé, a fi ipa táyà hàn án, a fi ọ́ìlì tó léfòó lójú omi hàn án. Ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá mi mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá, ó sì fà á ya lójú wa. Ó ní, "Ẹni tí mo bá níbí ni mo mọ̀."

Oko olóko ni bàbá mi ń ro títí ó fi kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jágbe mọ́ ọmọ mi lóṣù tó kọjá. Ó ra irú ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, ó wá kó èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí igbó kan tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sínú ọkọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná. Ọmọ mi ti ń da èédú sínú àdògán.

Mo ní, "Ṣé o rí pátákó yẹn?"

Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń sùn síbí. Kò sẹ́ni tó máa mú wa."

Mo ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó máa mú ọ. Ta ni wọ́n máa mú nítorí rẹ?"

Kò yé e. Mo wá jókòó sórí koríko, mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, ohun tí mi ò sọ fún un rí. Ó da èédú padà sínú àpò, ó sì wa ọkọ̀ padà.

Ayé ti yí padà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá dé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Lónìí, ohun tí à ń béèrè ni bóyá kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ẹ máa lọ sígbó, ẹ̀yin ọmọ mi, ó dáa fún ara. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n gbàgbé ohun tí wọ́n fi ojú bàbá mi rí. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.