Ìlà Tó Wà Láàárín Fọ́tò Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ya fọ́tò kan ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò, lójú ọ̀nà Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Èmi fúnra mi kò rántí ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn fọ́tò yẹn ni mo ti ka ọjọ́ àti aago, níbi tí màmá mi fi bírò kọ wọ́n sí. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà.

Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú fọ́tò ọ̀hún. Wọ́n jókòó lórí àga gígùn, wọ́n wọ irú aṣọ kan náà, wọ́n di ṣùkú, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Aṣọ ìkélé tí wọ́n ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sí ló wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan ni Táyé, ọ̀kan ni èmi Kẹ́hìndé. Mo mọ̀ pé Táyé ti kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó kú fún mi. Èmi ni mo fi ọkàn ara mi rò ó pé lẹ́yìn fọ́tò yẹn ni.

Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Iṣẹ́ tèmi ní gbogbo Sátidé ni kí n gun àga, kí n fi aṣọ tútù nu gíláàsì rẹ̀. Tíṣà ni màmá mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń dáhùn. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ò ní gbàgbé bàbá dúdú, tọ́fì tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín bíi gọ́ọ̀mù. Méjì ni wọ́n máa ń rà fún mi. Èmi náà ni mo ń jẹ méjèèjì, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ti Táyé sókè kó rí i. Bí òjò bá ká mi mọ́lé, èmi àti òun la máa ń ta tẹ́ńtẹ́ẹ́n. Òun kì í gbé ẹsẹ̀, nítorí náà mi ò rántí ọjọ́ kan tó borí mi.

Lọ́jọ́ kan mo bu mílíìkì inú agolo lá. Nígbà tí Mọ́mì bi mí, mo ní Táyé ni. Lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà létí ẹnu mi kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà pẹ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n sì bẹ Táyé.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ wo fọ́tò náà dáadáa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Kò tọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè aṣọ ìkélé, ó sì ń tẹ̀ sí apá ọ̀tún títí ó fi dé ilẹ̀. Mo tún rí orúnkún wọn. Èmi ní àpá kan ní orúnkún òsì, níbi tí mo ti ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Àpá yẹn wà lára àwọn méjèèjì, ní orúnkún kan náà. Nígbà tí mo bi ìyá àgbà, wọ́n ní, “Ṣé o rò pé ohun tí ìwọ bá ní, Táyé ò ní ní in ni?” Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ìdáhùn mìíràn ò sí nílẹ̀.

Ó di ìgbà tí mo wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a kò bá ní kíláàsì, mo máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Rafíù, tó ń ya fọ́tò ní Under G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá yunifásítì wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà pa ìrorẹ́ rẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn di bàìbàì kí ojú rẹ̀ lè yọ, àti bí wọ́n ṣe ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró níwájú búkà lọ síwájú ilé gíga lókè òkun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n jókòó sí apá òsì, wọ́n yà mí. Wọ́n ní kí n sún sí apá ọ̀tún, láìsún kámẹ́rà kúrò lójú kan, wọ́n tún yà mí. Wọ́n gbé àwòrán kejì lé àkọ́kọ́ lórí nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pa ìdajì rẹ́. Èmi méjì wá jókòó sójú kan. Wọ́n ní àwọn àgbà ayàwòrán ń ṣe é láìsí kọ̀ǹpútà: wọ́n á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, wọ́n á ya ọmọ, wọ́n á sún páálí sí ìdajì kejì, wọ́n á tún ọmọ yẹn yà sórí fíìmù kan náà. Ìlà àárín ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

“Àwọn ìbejì tí ọ̀kan ti kú ni wọ́n ń ṣe é fún jù,” ni Ọ̀gá wí. Wọn ò mọ̀ pé ìbejì ni mí. Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Ṣé Mọ́mì mọ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mú mi lọ ya fọ́tò náà, tí Mọ́mì sì gbà pé ojú Táyé làwọn ń wò láti ìgbà yẹn. Bí wọn kò bá mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni yóò gba Táyé lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa ẹnu mọ́ fún odindi ọdún kan.

Òjò ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Páànù jò, omi wọnú férémù. Bàbá Fọ́tò ti kú, nítorí náà Mọ́mì fi ìró wé fọ́tò náà, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ọ́ di tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa àbàwọ́n omi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Rafíù yọjú wò ó, wọ́n ní ìlà yẹn ò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wọ́n sì yọ ọ́. Mo tẹ ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ní ìlà, ọ̀kan kò ní. Èyí tí kò ní ni mo kọ́kọ́ gbé fún Mọ́mì.

Wọ́n wò ó títí.

“Kẹ́hìndé, ìlà rẹ̀ ńkọ́?”

“A yọ ọ́ ni, mà. Kó lè dára.”

“Ọwọ́ mi lẹ yọ yẹn.”

Wọ́n wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Táyé ò tíì rìn nígbà tó kú, ẹnikẹ́ni ò sì tíì yà á ní fọ́tò rí. Àwọn ni wọ́n lọ bẹ Bàbá Fọ́tò. Bàbá ń fi ọwọ́ kan tẹ kámẹ́rà, wọ́n ń fi èkejì na tọ́fì sí mi kí n má baà dìde, nítorí náà Mọ́mì ló di páálí dúdú mú. Bàbá ní kí wọ́n má mì. Wọ́n mì. Bàbá ní kí àwọn tún un yà, Mọ́mì ní rárá.

Mo bi wọ́n pé èwo ni Táyé nínú wa.

“Èyí tó wà lápá òsì. Nígbà tí o jókòó síbẹ̀, Táyé ni mo pè ọ́. O sì dá mi lóhùn.”

Lónìí, fóònù lásán lè sọ ọmọ kan di méjì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ń fi ṣeré, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa á rẹ́. Kò sí páálí tí ẹnikẹ́ni ní láti dì mú. Iṣẹ́ ọ̀hún mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, mi ò lè jiyàn ìyẹn.

Mi ò rántí pé mo dáhùn. Mi ò sì mọ bí ojú Táyé ṣe rí. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé èyí tó ní ìlà ló wà lára ògiri pálọ̀ wa. Èmi ni mo gbé e kọ́. Mo fi ìka tọ ìlà náà láti òkè délẹ̀, kò sì tọ́.