Èsì Inú Mi, Àtàǹpàkò Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi èsì àyẹ̀wò oyún inú mi pamọ́ fún mi, nítorí pé ọkọ mi kò sí nílé láti wá buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. AS ni mí, AS ni ọkọ mi. Ara àwa méjèèjì le, ṣùgbọ́n a lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. A mọ̀ kí a tó fẹ́ra. Ìfẹ́ ló di wá létí. Àbúrò mi obìnrin ní àrùn náà. Mo mọ irú igbe tí ọmọ ń ké bí egungun bá ń ro ó. Nítorí náà, nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́ta, mo lọ sí ilé àyẹ̀wò kan l'Ápápá. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ ikùn mi, wọ́n fa díẹ̀ lára ibi-ọmọ. Èmi ni mo buwọ́ lùwé pé kí wọ́n gún mi. Ìyẹn kò nílò ọkọ.

Èsì dé, akọ̀wé ní, "Àǹtí, bàbá ọmọ ló ń gbà á. Bá a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

"Bàbá ọmọ wa tírélà lọ sí Kánò."

"Ẹ jẹ́ kó dé."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá ọkọ mi, tó ń yan ẹja l'Ájégúnlẹ̀, ní òun ń bá mi lọ. Òórùn èéfín ẹja ló ṣáájú wa wọ ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi, bàbá ọmọ lẹ ń wá, àbí?" ló wí fún akọ̀wé. "Èmi ni mo bí i. Àbí kí n tún un bí síbí kẹ́ ẹ tó gbà?"

Àwọn aláboyún tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fa ìwé yọ, ó nà án sí Màmá! Màmá tí kò mọ̀wé. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, tí mo sì gbé oyún ọ̀hún, mo dúró bí ẹni tó kàn sin Màmá wá.

Akọ̀wé fi èsì lé Màmá lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò ó, èmi ló nà án sí. "Ìyàwó mi, ìwọ lo ni ín. Kà á."

AS.

"Màmá, bíi tiwa ni! Kò ní àrùn náà!"

Ó jó jáde sí Warehouse Road, àtàǹpàkò búlúù lókè.

"Màmá, wetin happen?" awakọ̀ tírélà kan kígbe.

"Ọmọ ọmọ mi ò ní fòníkú! Fọn fèrè, jàre!"

Ó fọn ọ́n. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ náà fọn ọ́n. Mo jó, omi ń dà lójú mi.

Ọmọ náà ti ń sáré báyìí, ó ń jí ẹja ìyá àgbà jẹ. Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kò pa ẹjọ́ mi. Ẹ̀yin alákòóso ilé àyẹ̀wò yẹn, ta ló ṣe òfin náà? Ká ní SS ni ńkọ́, ta ni ì bá dá ọjọ́ mẹ́jọ tó yẹ ká fi ronú padà fún wa? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì fi lé èmi fúnra mi lọ́wọ́.